Ọwọ́ àti Ẹ̀rọ Lórí Awọ Ara: Ìtàn Òrí àti Ọṣẹ Dúdú

   Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú yín, nítorí pé ara yín gan-an ni ó kàn. Kí ni ẹ fi wẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí? Kí ni ẹ sì fi pa ara nígbà tí ẹ wẹ̀ tán? Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìbéèrè yìí rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dárúkọ ọṣẹ inú páálí àti ìpara inú ike. Díẹ̀ ló dárúkọ ọṣẹ dúdú. Ẹnì kan ṣoṣo ló dárúkọ òrí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní òórùn ìyá àgbà ni. Wọn kò mọ̀ pé òrí tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara olówó gọbọi tí wọ́n ń tà ní Paris àti ní London.

Àwọn kan sọ pé ohun ìbílẹ̀ ló dára jù, kí a da ti òyìnbó nù. Àwọn mìíràn sọ pé ohun tí a fi ọwọ́ pò nínú ìkòkò kò mọ́ tó, kí a gba ohun tí ẹ̀rọ ṣe. Èmi kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ nínú méjèèjì. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé: nínú iṣẹ́ ìtọ́jú awọ ara, èwo ni ti ọwọ́, èwo sì ni ti ẹ̀rọ? Oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin wà nínú ìdáhùn ìbéèrè yìí, awọ ara àwọn ọmọ wa náà sì wà níbẹ̀. Ìtàn ni yóò là á yé wa.

Kí ọjà òyìnbó tó kún ilẹ̀ wa, ohun tí àwọn baba ńlá wa fi ń tọ́jú ara kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìlò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn ni a fi ń wẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ètè ń là, tí gìgísẹ̀ ń sán bí ilẹ̀ ẹ̀rùn, òrí ni a fi ń pa á. Àdín, èyí tí a ń rí láti inú ẹ̀kùrọ́, wà fún ara ọmọ. Osùn, igi pupa tí a ń lọ̀ lórí ọlọ, wà fún ìyàwó tuntun, fún ìyá ọmọ àti fún ọmọ tuntun. Ẹ tún rántí bí ìyá àgbà ti ń wẹ ọmọ. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ sí i lórí, yóò bu omi tí kò gbóná jù tí kò sì tutù jù, yóò fa apá, yóò fa ẹsẹ̀, yóò sì fi òrí ra ara ọmọ náà títí yóò fi sùn. Kò sí ìwé kankan tí a kọ èyí sí. Inú ọwọ́ ni ẹ̀kọ́ náà wà, láti ọwọ́ ìyá sí ọwọ́ ọmọ.

Ẹ wo òrí ná. Igi òrí kì í hù nínú igbó kìjikìji. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó fẹ́, láti Senegal ní ìwọ̀ oòrùn títí dé Uganda ní ìlà oòrùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ẹ bá ń lọ sí Òkè Ògùn, ní ìhà Ṣakí àti Kìṣí, ẹ ó rí i nínú oko. Ẹnikẹ́ni kò sáàbà gbìn ín. Ó ń hù fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ tí ó bá ń ṣán oko á sì dá a sí. Ó máa ń tó ọdún 15 tàbí 20 kí ó tó so dáadáa, nítorí náà ẹni tí ó bá gé igi òrí lónìí, ohun tí ọmọ rẹ̀ ìbá jẹ ni ó gé.

Iṣẹ́ òrí ti pẹ́. Ní Kirikongo, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, àwọn awalẹ̀pìtàn rí èèpo èso òrí nínú ilẹ̀ ibi tí ènìyàn ti ń gbé láti nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Jésù. 2016 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Ní 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ Mòrókò, dé ilẹ̀ ọba Máàlì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi òrí se oúnjẹ, wọ́n ń fi tan fìtílà, wọ́n ń fi pa ara, wọ́n sì ń pò ó mọ́ amọ̀ láti fi rẹ́ ilé. Ní 1796, Mungo Park ará Scotland rí i ní ìhà odò Ọya lókè lọ́hùn-ún, ó sì gbà pé ó dùn ju bọ́tà màlúù lọ. Nítorí èyí, àwọn onímọ̀ nípa igi fi orúkọ Park pe igi náà fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé òun ni ó kọ́kọ́ rí i! Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń ṣe òrí láti ọdún gbọ́nhan kò rí ẹni fi orúkọ wọn pe ohunkóhun.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ní àkókò òjò, èso á já bọ́ sílẹ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé á lọ ṣà á ní kùtùkùtù. A lè jẹ ara èso náà, nítorí ó dùn. Kóró inú rẹ̀ ni a ń fẹ́. Wọn á sè é, kí ó má baà hù, wọn á sá a sóòrùn, wọn á pa á, wọn á tún sá ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn á yan án, wọn á gún un nínú odó, wọn á sì lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi kúnná, tí yóò sì dúdú. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ ata rí, ẹ ronú kan ohun tí ó ń jẹ́ láti lọ odindi agbọ̀n kóró òrí. Ẹ̀yìn ń dun ènìyàn, orúnkún ń ro ènìyàn, ilẹ̀ á sì ṣú bá a lórí ọlọ.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ọwọ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà á bu omi sí ohun tí ó lọ̀, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á sì máa pò ó, á máa lù ú. Bí ó bá ti le jù, á fi omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Bí ó bá ti ń yọ́ jù, á fi omi tútù sí i. Kò sí òṣùwọ̀n ìgbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Nígbà tí ó bá yá, ohun dúdú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, á wú bí ìfófó, ọ̀rá rẹ̀ á sì léfòó. Á kó o, á fi omi ṣàn án, á sè é kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, á sẹ́ ẹ, á sì jẹ́ kí ó dì. Òun ni òrí. Kò sí ẹni tí ó lè kọ́ ọ láti inú ìwé ìgbà tí ó yẹ kí a dá omi tútù sí i. Mo ti ka àlàyé rẹ̀ nínú ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé agbada òrí fún mi láti pò.

Ọṣẹ dúdú náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo kòkó, tàbí ìdì ẹyìn tí a ti yọ ẹyìn orí rẹ̀ tán, ni a ń sun di eérú. A ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí a lu nídìí, a ó da omi lé e lórí, omi náà á sì máa kán jáde nísàlẹ̀ ní pípọ́n bí omi tíì. Omi eérú yìí le gan-an, ó sì lè bó ọwọ́. A ó sè é títí yóò fi ki, a ó da àdín tàbí epo sí i, a ó sì máa rò ó lórí iná. Díẹ̀díẹ̀, ohun méjì tí kò dára fún ara bí a bá dá wọn lò, omi tí ń jó ni àti epo tí ń rin aṣọ, á di ohun kẹta tí ń fọ ìdọ̀tí. Samuel Johnson, nínú ìtàn àwọn Yorùbá tí ó kọ tán ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ka ọṣẹ ṣíṣe mọ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin wa.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé eérú èèpo kòkó ni ojúlówó ọṣẹ dúdú àtayébáyé. Ẹ dákun, ìgbà wo ni kòkó dé ilẹ̀ Yorùbá? Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Àwọn ìyá wa rí i pé èèpo rẹ̀ pọ̀ lóko, pé eérú rẹ̀ sì le dáadáa, wọ́n bá mú un lò. Èyí fi hàn pé àwọn tí a ń pè ní aláṣà ìbílẹ̀ kò di ojú sí ohun tuntun. Ohun tí ó bá wúlò ni wọ́n ń gbà.

Ẹ má sì rò pé ọ̀nà mìíràn ni àwọn Òyìnbó ń gbà ṣe ọṣẹ láyé àtijọ́. Eérú igi ni àwọn náà ń lò, pẹ̀lú ọ̀rá màlúù àti ti àgùntàn. Ohun tí ó yí iṣẹ́ náà padà ni ìmọ̀ nípa èròjà. Ní 1791, ọmọ Faransé kan, Nicolas Leblanc, rí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi iyọ̀ lásán ṣe sódà, ohun tí ó bá kánún wa tan. Láti ìgbà náà, oníṣẹ́ ọṣẹ kò ní láti máa wá igi sun kiri mọ́. Leblanc fúnra rẹ̀ kò jèrè rẹ̀; òtòṣì ni nígbà tí ó kú ní 1806. Ní 1823, ọmọ Faransé mìíràn, Michel Chevreul, tẹ ìwé kan jáde tí ó ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú ọ̀rá àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rá bá di ọṣẹ. (Chevreul yìí gbé ọdún 102 láyé. Bóyá ọṣẹ ni, èmi kò mọ̀.) Òun ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé bí ọ̀rá bá ń di ọṣẹ, ohun kan tí ó dùn díẹ̀, tí ń fa omi mọ́ra, máa ń yọ lára rẹ̀. Gílísẹ́rìn ni à ń pè é.

Ẹ fi ọkàn sí gílísẹ́rìn yìí. Nínú ìkòkò ọṣẹ dúdú, kò sí ibi tí ó ń lọ. Ó wà nínú ọṣẹ náà, ó sì ń jẹ́ kí awọ ara mú omi dúró. Nínú ilé-ẹ̀rọ ńláńlá, iyọ̀ ni wọ́n fi ń yọ ọṣẹ kúrò lára omi rẹ̀, gílísẹ́rìn á sì bá omi náà lọ. Wọn á yọ ọ́, wọn á tà á lọ́tọ̀, nítorí ó níye lórí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ohun ìjà abúgbàmù ni wọ́n fi ṣe. Èyí wà lára ìdí tí ọṣẹ ilé-ẹ̀rọ mìíràn fi ń jẹ́ kí ara gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀. Sódà sì ni ó ń mú kí ọṣẹ le bí bíríkì. Eérú wa kì í ṣe sódà. Ìbátan rẹ̀ ni, tí à ń pè ní pọ́táṣì, ọṣẹ rẹ̀ á sì máa rọ̀. Bí ẹ bá fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀ nínú omi, kì í pẹ́ tí ó fi ń tán. Kì í ṣe pé aláṣe rẹ̀ kò mọ iṣẹ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1853 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó orí ọṣẹ kúrò, ọṣẹ sì di ohun tí tálákà lè rà. Wọ́n nílò ọ̀rá púpọ̀, epo ilẹ̀ wa ni wọ́n sì ń kó. Epo tí àwọn obìnrin wa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tí wọ́n sì fi ọwọ́ fún ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gbé lọ sí Liverpool. Ní 1885, William Lever bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọṣẹ Sunlight ní Warrington, kò sì gbára lé ọ̀rá ẹran nìkan. Ó fi epo ẹ̀kùrọ́ àti ti àgbọn sí i. Ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó fi bébà wé e, ó sì kọ orúkọ sí i. Ní 1888 ó tẹ Port Sunlight dó, odindi ìlú fún ọṣẹ. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ Lever fìdí ẹ̀ka rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa ṣe ọṣẹ ní Àpápá. Ẹ̀kùrọ́ wa tí ó ti rìn lọ sí òkè òkun, tí ó sì padà wá ní ọṣẹ, wá rí ilé-ẹ̀rọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ọṣẹ olówó pọ́ọ́kú ṣe wá ní oore. Ìwádìí púpọ̀ fi hàn pé fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ ń dín ìgbẹ́ gbuuru kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro ọmọ. Ìkòkò ìyá kan kò lè ṣe ọṣẹ tí yóò tó gbogbo Èkó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ọṣẹ nílé pàdánù oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òrí pàdánù àyè nígbà tí fásílìnì dé. Robert Chesebrough, ará Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé àṣẹ fún un ní 1872. Ó rí ohun kan tí ó dà bí ọ̀rá, tí ń lẹ̀ mọ́ irin àwọn tí ń wa epo rọ̀bì, tí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ń fi pa ojú ọgbẹ́. Ó mú un lọ, ó sẹ́ ẹ títí ó fi mọ́. Ohun tó dára ni fásílìnì: kì í kan, kì í sì í jẹ́ kí omi ara sá lọ. Ẹ kò rí i pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di mímọ́?

Títí dé ibí yìí, ìtàn wa kò burú. Ibi tí ó ti burú ni ọ̀rọ̀ bíbó ara. Ní 1939, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn àwọn òṣìṣẹ́ ilé awọ kan tí ọwọ́ wọn ń funfun ní àbùlé-àbùlé. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ni ó fà á: èròjà kan wà nínú rọ́bà náà, ará ilé kan náà pẹ̀lú èyí tí à ń pè ní hydroquinone. Ẹni tí ó ní làákàyè á rò pé wọ́n á sá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò rò ó pé bí ó bá lè pa àwọ̀ ara rẹ́, a jẹ́ pé a lè tà á fún ẹni tí kò fẹ́ dúdú. Wọ́n fi hydroquinone sínú ìpara, àwọn ará Áfíríkà sì wà lára àwọn tí wọ́n rà á jù. Ní 1975, àwọn dókítà ní Gúúsù Áfíríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń dúdú kọjá bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, pé ojú wọn ń ṣú, ó sì ń ṣe kókó wínníwínní tí kì í lọ mọ́. Àwọn ọṣẹ mìíràn sì wà tí wọ́n fi mẹ́kúrì sí, irin olómi tí ó wà nínú ohun èlò tí àwọn dókítà fi ń wọn ìgbóná ara láyé àná. Mẹ́kúrì a máa gba ojú awọ wọlé, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 2013 lórí mẹ́kúrì, èyí tí à ń pè ní Àdéhùn Minamata, kàn án lábùkù nínú ìpara àti ọṣẹ.

Ẹ wòye ohun kan níbẹ̀. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n ń da ìpara oríṣiríṣi pọ̀ nínú abọ́, tí wọ́n á fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ sí i kí ó lè ní orúkọ ìbílẹ̀, wọ́n á ní ọjọ́ méje ni yóò fi sọ ènìyàn di pupa. Ọwọ́ ni wọ́n fi pò ó. Ilé-ẹ̀rọ ni èròjà inú rẹ̀ ti wá. Àmọ́ ọgbọ́n ìyá àgbà kò sí nínú rẹ̀, òṣùwọ̀n ilé-ẹ̀rọ kò sì sí níbẹ̀. Gbogbo ewu ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n kó pọ̀, wọ́n sì fi oore méjèèjì sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹ̀rọ ti rí nìyẹn. Ẹ padà wo òrí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í lo ọlọ mọ́ báyìí. Wọ́n á gbé kóró wọn lọ sí ilé ẹ̀rọ ìlọta, á sì lọ̀ ọ́ kúnná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ta ni yóò sọ pé òrí wọn kì í ṣe ojúlówó mọ́? Orúnkún ni ẹ̀rọ gbà là, kò gba ọgbọ́n ọwọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé-iṣẹ́ ńlá ní òkè òkun, wọ́n á fi èròjà olómi kan yọ ọ̀rá náà tán pátápátá, wọ́n á sì sẹ́ ẹ títí àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ọ̀rá tí wọ́n ń rí pọ̀ ju ti ọwọ́ lọ, kì í sì í tètè kan. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú ohun tí ó ń tọ́jú awọ máa ń bá àwọ̀ àti òórùn náà lọ. Fún àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì, èyí kò dùn wọ́n. Àwọn gan-an ni wọ́n sì ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú òrí ayé. Fún awọ ara, èyí tí a fi ọwọ́ pò kò ní ohun ìtìjú kankan, bí a bá ti sá kóró rẹ̀ gbẹ dáadáa. Kóró tí ó hu ebu nínú àpò ni ó ń mú kí òrí kan, kí ó sì rùn. Òórùn tí àwọn ọmọ kíláàsì fi ń rẹ́rìn-ín, ìkúdìẹ̀-káàtó nípa sísá sóòrùn ni ó fà á nígbà púpọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi òrí.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ohun tí a lè fi bá a wí ni pé omi eérú ti òní lè má le tó ti àná. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ọṣẹ, ara á máa ta ẹni tí ó fi wẹ̀. Ní ilẹ̀ púpọ̀ láyé, ahọ́n ni àwọn tí ń ṣe ọṣẹ fi ń tọ́ ọ wò, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí mo lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe. Ní 1909, Søren Sørensen, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, tí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ọtí Carlsberg ní Copenhagen, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí à ń pè ní pH. Láti 0 ni a ti ń kà á dé 14. Omi lásán wà ní 7. Awọ ara wa wà ní nǹkan bí 5, ọṣẹ tó jinná dáadáa wà láàárín 9 sí 10, omi eérú líle sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Lónìí, bébà tín-ínrín kan wà tí a ń tì bọ inú omi ọṣẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, tí a ó sì fi wé àwòrán ara páálí rẹ̀ láti mọ iye tí ó jẹ́. Kò wọ́n, kò gba iná mànàmáná, ọmọ ilé-ìwé lè kà á. Ìyá tí ó ń rò ọṣẹ á ṣì máa rò ó. Bébà náà kàn ń sọ fún un bóyá kí ó tún rò ó díẹ̀ sí i ni. Bí mo bá ní agbára, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ní gbogbo ìlú ni mo máa há bébà yìí fún.

Ọ̀rọ̀ ara ọmọ ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí òun ni ó gba ìṣọ́ra jù. Ní 2005, àwọn dókítà tẹ ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Dhaka, ní ilẹ̀ Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń fi epo òdòdó sunflower ra ara àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé. Àrùn tí ń ran ni nílé ìwòsàn dín kù láàárín àwọn ọmọ náà ní nǹkan bí 40 nínú 100. Epo yẹn kì í ṣe òrí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ní òrí ni. Ohun tí ó kàn wá ni pé àwọn dókítà gbé ọwọ́ ìyá àgbà sórí òṣùwọ̀n, ó sì wọ̀n. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni ó tọ́. A kò gbọdọ̀ fi òrí, àdín, tàbí ohunkóhun tí nọ́ọ̀sì kò bá fún wa sí ìdodo ọmọ tuntun. Ojú ọgbẹ́ ni ìdodo, ọ̀nà ni fún àrùn ipá, àìmọye ọmọ ni ó sì ti bá a lọ. Kí a fi òrí pa apá àti ẹsẹ̀, kí a fi ìdodo sílẹ̀ kí ó gbẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de kíkó kóró òrí tí a kò tíì ṣe jáde kúrò nílùú fún oṣù mẹ́fà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé nǹkan bí 40 nínú 100 kóró òrí ayé ni ó ń ti ilẹ̀ wa wá, ṣùgbọ́n nínú owó ọjà òrí àgbáyé, ohun tí ń kàn wá kò ju nǹkan bí 1 nínú 100 lọ. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣà á ń gba owó agbọ̀n, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ ń gba owó ìgò. Òfin nìkan kò lè mú kí ìgò di tiwa. Ilé ẹ̀rọ ìlọta ní láti wà nítòsí ibi tí èso ti ń já bọ́, pẹ̀lú ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí a lè sá kóró sí, omi tó mọ́, àti ẹni tí ó lè ka bébà àyẹ̀wò.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sọ́jà lọ́la, bí ẹ bá fẹ́ ra ọṣẹ tàbí ìpara, ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ wá nọ́mbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa yẹ oúnjẹ, oògùn àti ìpara wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ka orúkọ àwọn èròjà inú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mẹ́kúrì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn calomel ni wọ́n ń kọ, nígbà mìíràn mercuric iodide. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ da orúkọ méjèèjì yìí kọ sínú ìwé yín, kí ẹ sì kà á fún ìyá yín ní alẹ́ òní.